Ìdí tí kọ̀ǹpútà kò fi rí sikéèlì wa: ọ̀rọ̀ lórí serial port, kernel àti dráífà

Àkọsílẹ̀ ohùn márùn-ún tí àdìmíìnì fi ránṣẹ́ sí gúrúpù ní alẹ́ Sátidé. Akọ̀wé ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí kò ní dátà láti fi gbọ́ ọ.

OHÙN KÌÍNÍ

Mo ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé màá sọ bí ọ̀rọ̀ sikéèlì mi ṣe já sí. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́ nítorí mo fẹ́ kí ó yé èmi fúnra mi ná. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà o, ẹ mọ̀. Ohun tó bá yé mi, ó dá mi lójú pé á yé gbogbo yín.

Ẹ mọ̀ pé áyù àti àlùbọ́sà ni mo ń rà níbí, tí mo ń kó lọ sí Bódìjà. Láti ìgbà tí mo ti ra sikéèlì oníná, ìwé kékeré ló máa ń jáde fún àpò kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, nọ́ńbà àpò, iye kilo. A ó fi ìwé yẹn sínú ọ̀rá, a ó rán an mọ́ ẹnu àpò. Tí ó bá dé Bódìjà, ẹni tó ń gbà á á tún un wọ̀n, á sì wo ìwé. Kò sí ariwo, kò sí pé kílò mi, kílò rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní mudu níbí, tí wọ́n ń tún un wọ̀n ní kóńgò nílé, ẹ mọ irú ìjà tí mò ń sọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró fún gbogbo ayé. Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, kò lè gba Windows 11. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní, "Àǹtí, ẹ má ra tuntun. Ẹ jẹ́ kí n fi Ubuntu sí i, ọ̀fẹ́ ni." Ubuntu 22.04 ló wà lórí flash rẹ̀, òun ló fi sí i. Gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́. Sikéèlì nìkan ló ya odi. Nọ́ńbà ń hàn lójú sikéèlì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ náà wà nínú ìdánwò nígbà yẹn, mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Mo pe ẹnìkan tó ń tún nǹkan ṣe nínú ọjà. Ó tú sikéèlì, ó wò ó, ó ní bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jóná, kí n mú 35,000 náírà wá. Mo san 20,000 sílẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ la fi ń kọ kilo sórí ìwé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àpò áyù kan dé Bódìjà, ìwé ẹnu rẹ̀ sọ pé 58, sikéèlì tiwọn sọ pé 53. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń ṣòwò fún ọdún mọ́kànlá pè mí. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Àbúrò mi, ṣé èmi náà lo máa wá ṣe báyìí fún?" Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Owó kilo márùn-ún kọ́ ló dùn mí o. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, orúkọ wa nìkan ni ọjà tí a ní tí kì í bàjẹ́.

OHÙN KEJÌ

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Kí ni nǹkan tó wà lẹ́yìn sikéèlì yẹn?

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí irin tín-tín mẹ́sàn-án ti yọ, márùn-ún lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Serial port nìyẹn. Òfin tó ń darí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní RS-232, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1960. Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira nìyẹn. Títí dòní, ó ṣì wà lára sikéèlì, lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ risíìtì, àti lára ọ̀pọ̀ inverter tí ẹ̀yin oní-sólà ń tà. Ìdí tí kò fi kú ni pé ó rọrùn. Irin kejì àti ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, ọ̀kan fún sísọ, ọ̀kan fún gbígbọ́. Ìkarùn-ún ni ìpìlẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ dúró lé. Pẹ̀lú mẹ́ta yẹn nìkan, sikéèlì lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.

Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni pé ó ń rán ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn èrò tó ń gba ẹnu ọ̀nà tóóró kọjá. Ẹnìkan ò lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì.

Láptọ́ọ̀pù ayé òde òní kò ní ihò oní-irin mẹ́sàn-án mọ́, USB ló ní. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ra okùn tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ USB, tí ẹnu kejì jẹ́ oní-mẹ́sàn-án. Ẹ má rò pé wáyà lásán ni o. Nínú orí okùn yẹn, ẹ̀rọ kékeré kan wà, chip, tó ń yí èdè serial padà sí èdè USB. Orúkọ tó wọ́pọ̀ nínú wọn ni CH340, PL2303, FT232 àti CP2102. Ẹ di orúkọ wọ̀nyẹn mú, a ó padà sí i.

Wàyí o, kernel. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọjà, ẹ mọ Sarkin Kasuwa. Kò sí ẹni tó lè ṣàdédé tẹ́ ọjà sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ sí i. Òun ló mọ ẹni tó ni ìsọ̀ wo, òun ló ń parí ìjà nígbà tí ẹni méjì bá ń du ibì kan. Kernel ni Sarkin Kasuwa inú kọ̀ǹpútà. WhatsApp kò lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò kò lè fọwọ́ kàn án, ètò tó ń tẹ ìwé wa náà kò lè fọwọ́ kàn án. Kernel ni wọn yóò bẹ̀, kernel á bá wọn ṣe é.

Ṣùgbọ́n kernel kò gbọ́ èdè gbogbo ẹ̀rọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Sókótó, mi ò gbọ́ ju "sannu" lọ. Ìyá kan ní Sábó ló máa ń tẹ̀ lé mi lọ ra àlùbọ́sà. Àgbẹ̀ á sọ tirẹ̀ ní Haúsá, ìyá á sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Ògbufọ̀ nìyẹn. Dráífà ni ògbufọ̀ kernel. Kì í ṣe dírẹ́bà tó ń wa ọkọ̀ àlùbọ́sà wa o! Dráífà jẹ́ ètò kékeré tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ kan pàtó. Dráífà tó gbọ́ CH340 kò gbọ́ PL2303. Tí ògbufọ̀ kò bá sí, ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀, kernel ń wò ó bí ẹni tó ń wo fíìmù tí kò ní ohùn. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Kernel náà kò bàjẹ́.

Ọmọ yẹn sọ nǹkan kan tó dùn mọ́ mi. Linux tó wà nísàlẹ̀ Ubuntu, ọmọ iléèwé kan ní Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Linus Torvalds ni orúkọ rẹ̀. Ara ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni ètò kan tí yóò máa fi gba modem bá kọ̀ǹpútà yunifásítì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ilé. Ọ̀rọ̀ tó ń gba wáyà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan náà nìyẹn. Nítorí náà, Linux àti serial port kì í ṣe àjèjì síra wọn láti ilẹ̀ wá.

OHÙN KẸTA

Ìdánwò parí, ọmọ dé. Kò fọwọ́ kan sikéèlì rárá. Ó ní ká kọ́kọ́ bi kernel léèrè ohun tó rí. Ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní terminal, ó kọ:

lsusb

Ìyẹn ń ka gbogbo ohun tó wà lẹ́nu USB. Ó rí nọ́ńbà kan, 1a86:7523. Ó ní, "Àǹtí, CH340 ni okùn yín." Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ bí nọ́ńbà mọ́tò. Tí ẹ bá rí 067b:2303, PL2303 ni. Tí ẹ bá rí 0403:6001, FT232 ni. 10c4:ea60 ni CP2102. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà ó bi í pé ṣé kernel ní ògbufọ̀ fún CH340. Ó kọ:

grep CH341 /boot/config-$(uname -r)

Orúkọ dráífà náà ni ch341, òun ló gbọ́ èdè CH340 pẹ̀lú. Ìdáhùn tó jáde ni CONFIG_USB_SERIAL_CH341=m.

Ẹ dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ṣíṣètò dráífà nínú kernel wà. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ kernel, wọ́n á béèrè lórí dráífà kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ká gbà á? Ìdáhùn mẹ́ta ló wà. Y ni bẹ́ẹ̀ ni: ó dà bí ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù, ó wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹrù wá, ẹrù ò wá. M dà bí alábàárù: kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó wà nítòsí, ẹrù bá dé, wọ́n á pè é, á wá gbé e. N ni rárá: a ò gbà á síṣẹ́. Tí ìdáhùn bá jẹ́ N, kódà kí ẹ yọ okùn kí ẹ tún fi sí i nígbà ọgọ́rùn-ún, kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Ubuntu dáhùn M fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ dráífà, kí ó lè bá kọ̀ǹpútà gbogbo ènìyàn mu láìgba àyè púpọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo Ubuntu, kò sí ìdí láti kọ́ kernel tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n ti dín kernel wọn kù. Tí ẹ bá bá N níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n á gba kóòdù kernel yẹn, á kọ make menuconfig, á wọ Device Drivers, á wọ USB support, á wọ USB Serial Converter support, á fi M tàbí Y sí orúkọ chip yín. Tí ẹ̀rọ bá ní ihò oní-mẹ́sàn-án tirẹ̀ gan-an, CONFIG_SERIAL_8250 ló máa wò. 8250 ni orúkọ chip tó ń ṣiṣẹ́ serial nínú kọ̀ǹpútà IBM PC ti 1981, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ dráífà yẹn títí dòní. Lẹ́yìn náà á tún kernel kọ́. Lórí láptọ́ọ̀pù àgbà, ó lè gba wákàtí púpọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí iná kò bá dúró.

Tiwa jẹ́ M, ògbufọ̀ wà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọmọ yẹn yọ okùn, ó tún fi sí i, ó wá kọ:

sudo dmesg | tail

Ìwé ìrántí kernel nìyẹn, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀. A rí i kedere. Kernel pe ch341. Ch341 dé, wọ́n fún un ní ìsọ̀ tó ń jẹ́ ttyUSB0. Kí ó tó jókòó dáadáa, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ brltty dé, ó gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e sọ pé wọ́n ti yọ ch341 kúrò lórí ttyUSB0. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Ta ni brltty? Ètò rere ni o. Fún àwọn tí kò ríran ni wọ́n ṣe é, ó ń bá ẹ̀rọ tó ń gbé lẹ́tà afọ́jú jáde, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ kà, ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan nínú ìyẹn ń lo CH340 pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Nígbà tí okùn mi wọlé, brltty rò pé ẹrù òun ló dé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹni méjì, ẹrù kan, orúkọ kan náà lára ẹrù. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì lójoojúmọ́.

Kò sí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yẹn lórí láptọ́ọ̀pù mi, nítorí náà a yọ ọ́:

sudo apt remove brltty

Tí ẹni tí kò ríran bá ń lo kọ̀ǹpútà yín, ẹ má yọ ọ́ o! Ẹ ra okùn tó ní chip mìíràn, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.

OHÙN KẸRIN

A tún fi okùn sí i. ttyUSB0 dúró. Mo ti fẹ́ máa jó. Ọmọ yẹn ní, "Ó ku méjì, Àǹtí."

Èkíní ni àṣẹ. Ètò tó ń tẹ ìwé wa lọ sí ttyUSB0, wọ́n lé e padà, wọ́n ní "Permission denied". Lórí Ubuntu, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ dialout nìkan ló lè fọwọ́ kan serial port. Bí gúrúpù wa yìí ni: tí àdìmíìnì kò bá fi ọ́ sí i, o ò lè wọlé. Ó fi orúkọ mi sí i:

sudo usermod -aG dialout $USER

Lẹ́yìn náà ó jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó tún wọlé. Tí ẹ kò bá jáde kí ẹ tún wọlé, kò ní mọ̀ pé ẹ ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbàgbé ìyẹn.

Èkejì ni yíyára. Sikéèlì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wótowòto ló ń jáde, àmì ìbéèrè, àmì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín. Serial port kò ní aago tí àwọn méjèèjì jọ ń wò. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe yára tó. Tí ẹnìkan bá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó ń gbọ́ sì ń ṣe wéré wéré, ọ̀rọ̀ kan ló máa gbọ́ bíi méjì. 9600 ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́, ìwé kékeré tó bá sikéèlì wá sì sọ pé 4800 ni tiwa. Ó kọ:

stty -F /dev/ttyUSB0 4800 cs8 -parenb -cstopb raw

Ohun tó ń sọ ni pé: 4800 ni kó máa gbọ́, bit mẹ́jọ fún lẹ́tà kan, kò sí bit àyẹ̀wò, bit ìdádúró kan ṣoṣo. Nínú ìwé ẹ̀rọ, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ ní 8N1. Tí ẹ bá fi bit ìbẹ̀rẹ̀ kan kún un, ó di mẹ́wàá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín 4800 sí mẹ́wàá: lẹ́tà 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún iye kilo àpò kan, ó tó, ó ṣẹ́ kù.

Ó kọ cat /dev/ttyUSB0. A gbé àpò áyù kan sórí sikéèlì. Nọ́ńbà wá sójú kọ̀ǹpútà, ó mọ́ kedere, ó bá ti ojú sikéèlì mu. A fi 4800 sínú ètò tó ń tẹ ìwé, ìwé àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mú un lọ́wọ́, mo ń wò ó bí ẹni tó gba ìwé ilẹ̀.

OHÙN KARÙN-ÚN

Mo mọ àwọn ìbéèrè tí ẹ máa bi mí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí Windows: ògbufọ̀ náà ni tiyín, orúkọ ìsọ̀ ló yàtọ̀. COM3 tàbí COM4 ni ẹ ó rí nínú Device Manager, dípò ttyUSB0. Tí ẹ bá rí àmì pupa rúsúrúsú níbẹ̀, ẹ ka ohun tó kọ, ẹ má kàn tì í pa.

Okùn rírà: ayédèrú chip pọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, FTDI, iléeṣẹ́ tó ń ṣe FT232 ní Scotland, gbé dráífà kan jáde tó gba orí Windows Update wọ kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn. Chip tó bá jẹ́ ayédèrú, dráífà yẹn yí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo, Windows kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ariwo pọ̀, wọ́n sì fà á padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra okùn lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ló jẹ ìyà. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé chip wo ló wà nínú rẹ̀. Tí kò bá mọ̀, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì gba dráífà láti ibi tí ẹ kò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojúlé ẹni tó ṣe chip ni kí ẹ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ̀rọ yín, ẹ tò ó báyìí. Ṣé kernel rí okùn? Ṣé ògbufọ̀ wà? Ṣé ẹlòmíràn kò gba ìsọ̀ náà? Ṣé ẹ ní àṣẹ? Ṣé yíyára wọn bára mu? Tí márùn-ún yẹn bá pé tí kò ṣì sọ̀rọ̀, ẹ wá wo wáyà, bóyá irin kejì àti ìkẹta nílò kí wọ́n gba ọ̀nà ara wọn, tàbí kó jẹ́ pé sikéèlì ń dúró kí ẹ tẹ bọ́tìnì print kó tó sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù tó jóná ni ìkẹyìn, kì í ṣe ìkíní.

Ẹni tó tú sikéèlì, mo padà lọ bá a. A sọ̀rọ̀ bí àgbà, ó dá 12,000 padà nínú 20,000 mi. Èyí tó kù, mo fi ra ọgbọ́n.

Ti Bódìjà ńkọ́? Mo yẹ ìwé ńlá tí a ń kọ nǹkan sí níbí wò. 53 ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó kọ ìwé ẹnu àpò ló kọ 3 bí 8. Àṣìṣe tiwa ni. Mo ya fọ́tò ìwé ńlá, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo dá owó kilo márùn-ún padà, mo sì pè é láti bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó ti tán. Ṣé ìwé oní-nọ́ńbà yẹn ti padà dé ṣá?" Mo ní ó ti dé, Ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n kó àpò mẹ́wàá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹni tí ó ní irú wàhálà yìí, kí ó ya fọ́tò ohun tí lsusb sọ, kí ó fi síbí, ọmọ wa á wò ó ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ sikéèlì nìkan la fẹ́ lábẹ́ èyí, ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ o.